Abẹ́rẹ́ tó kú kò pa kámẹ́rà: ìdáhùn lórí Olympus OM-1 tí bàbá fi sílẹ̀

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta nípa kámẹ́rà Olympus OM-1 tí bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé rà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó ń kàwé níbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1975. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kámẹ́rà náà fi wà nínú àpò aláwọ rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Onífọ́tò tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá sọ fún un pé kámẹ́rà ti kú, nítorí pé abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò mì mọ́, ó sì ní òun lè rà á lówó pọ́ọ́kú láti fi àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tún òmíràn ṣe. Ẹnì kejì, tí ó ń tún aago ṣe, fi bátìrì pélébé kan sí i, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fọ fíìmù aláwọ̀ tí ó yà, púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà ló ṣókùnkùn, pàápàá jù lọ ojú àwọn ènìyàn. Ó tún kíyè sí i pé àbààwọ́n dúdú kan wà nísàlẹ̀ ihò tí a ń fojú wò, àti pé nǹkan kan bíi jànkáriwọ̀ wà nínú lẹ́ǹsì. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó yẹ kí òun náwó lé kámẹ́rà náà, ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀, àbí kí òun kúkú tà á.

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ má tà á, kí ẹ má sì tíì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bátìrì gbà yín lọ́kàn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, àbààwọ́n inú ihò ìwòran yẹn ni ó ń gbilẹ̀ sí i báyìí bí a ti ń sọ̀rọ̀, òun sì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá dúró. Bátìrì lè dúró dè yín títí di ọdún tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ náà lè dúró, ṣùgbọ́n ohun tó fa àbààwọ́n yẹn kì í sinmi.

Lábẹ́ ibi tí orí kámẹ́rà yẹn ti yọ ṣóńṣó sókè bí òrùlé ni awò kan wà tí wọ́n ń pè ní pentaprism. Òun ni ó ń gba àwòrán láti ara dígí ìsàlẹ̀, tí ó ń dá a padà síbi tó tọ́ kí ó tó dé ojú yín, kí orí ènìyàn má baà wà nísàlẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún má sì baà di òsì. Wọ́n fi fàdákà tẹ́ àwọn ojú rẹ̀ kan kí ó lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, wọ́n sì kun ọ̀dà lé fàdákà náà lórí láti dáàbò bò ó. Nínú OM-1, wọ́n tún fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ há a mọ́ra. Fóòmù ayé ìgbà yẹn kì í wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀: bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń jẹrà, ó ń di nǹkan dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bíi kọ̀tá, ooru ilẹ̀ wa sì ń bá a yára. Nígbà tí ó bá ti jẹrà tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀dà yẹn, yóò sì jẹ fàdákà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí fàdákà ti ṣí kúrò ni ẹ ń rí gẹ́gẹ́ bí àbààwọ́n.

Àbààwọ́n yìí kò lè hàn nínú fọ́tò kankan, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sára fíìmù kò gba inú pentaprism kọjá rárá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fojú fò ó dá. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbilẹ̀ dé àárín, ẹ kò ní ríran dáadáa láti mú àwòrán ṣe kedere, ihò ìwòran tó fẹ̀, tó sì mọ́lẹ̀ sì ni ohun tí ó mú kí àwọn tó mọ OM-1 fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò ní àdììtú nínú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò yọ ìdérí òkè, yóò ha gbogbo fóòmù jíjẹrà náà kúrò, yóò nu ibẹ̀ mọ́, kò sì ní dá irú fóòmù bẹ́ẹ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Fàdákà tó ti ṣí kò ṣe é dá padà; bí ó bá ti pọ̀ jù, wọn yóò pààrọ̀ pentaprism náà pẹ̀lú òmíràn, àwọn olùtúnṣe sì sábà máa ń yọ ọ́ lára OM-10 tó ti bàjẹ́, ìyẹn àbúrò OM-1 tó jáde ní 1979. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò tíì ṣí irú rẹ̀ rí fi tiyín kọ́ṣẹ́, nítorí wáyà tó lọ sí ara abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ ìdérí kan náà, ó sì tín-ín-rín gan-an.

Fóòmù mìíràn ṣì wà tí ẹ lè fọwọ́ ara yín bójú tó. Ẹ fa ọwọ́ tí a fi ń ká fíìmù padà sókè, ìyẹn èyí tó wà lápá òsì lórí kámẹ́rà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yóò sì ṣí. Ẹ máa rí ojú ọ̀nà tóóró méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, níbi tí etí ilẹ̀kùn ti ń wọlé. Ẹ fi igi ìtayín fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá mú nǹkan dúdú tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù jáde, fóòmù ibẹ̀ náà ti jẹrà, ìmọ́lẹ̀ sì lè máa gba ibẹ̀ wọlé, yóò wá hàn gẹ́gẹ́ bí ìlà pupa tàbí olómi ọsàn lára àwọn fọ́tò yín. Ẹ wé òwú mọ́ igi ìtayín, ẹ rẹ ẹ́ sínú isopropyl alcohol, kí ẹ sì máa nu ún díẹ̀díẹ̀ títí irin fi máa hàn. Òwú dúdú tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà lè rọ́pò fóòmù nínú ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn. Fóòmù kan tún wà níwájú, lókè ibi tí dígí ti ń gbá nígbà tó bá fò sókè. Bí ìyẹn bá ti ń lẹ̀, ó lè di dígí mú sókè, kí ẹnì kan wá sọ pé kámẹ́rà ti há. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ìka tàbí òwú kan dígí fúnra rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni fàdákà wà, kò sí lẹ́yìn bíi ti dígí inú ilé, ẹ má sì fọwọ́ kan aṣọ dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Aṣọ dúdú yẹn ni shutter, òun sì ni ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí onífọ́tò àkọ́kọ́ sọ fún yín kò tọ̀nà. Yoshihisa Maitani, ẹni tó ṣe olórí iṣẹ́ yíya kámẹ́rà yìí ní ilé iṣẹ́ Olympus ní Japan, gbé e jáde ní 1972 pẹ̀lú orúkọ M-1. Ilé iṣẹ́ Leitz ní Jámánì, tí ó ń ṣe Leica, kò fara mọ́ orúkọ náà nítorí pé àwọn náà ní kámẹ́rà tí wọ́n ń fi lẹ́tà M pè, ni Olympus bá yí i padà sí OM-1 ní 1973. Kámẹ́rà onídígí tó ń lo fíìmù 35mm tóbi nígbà náà, ó sì wúwo: Nikon F2 tó jáde ní 1971 lé ní 700 g láìtíì fi lẹ́ǹsì sí i. Èyí tí Maitani ṣe kò ju nǹkan bí 500 g lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rẹ̀yìn nínú iṣẹ́. Ó fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ dẹ ìgbájú dígí lára, kí kámẹ́rà má baà gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Mo ka iṣẹ́ yẹn sí ọ̀kan nínú èyí tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni ṣe ní ọdún mẹ́wàá yẹn.

Ohun tó kàn yín nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ méjì ló wà nínú kámẹ́rà kan ṣoṣo yìí. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ni èyí tó ń ya fọ́tò: sípíríǹgì, eyín irin àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì nílò bátìrì rárá láti ìṣẹ́jú àáyá kan dé 1/1000. Ẹ̀rọ kejì ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, tí ó ni abẹ́rẹ́. Òun nìkan ni ó ń lo bátìrì, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó gba yín nímọ̀ràn lọ. Bí ó bá dákẹ́ títí láé, kámẹ́rà yóò ṣì máa yàwòrán.

Ẹ lè dán ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wò nínú ilé. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ sì yí òrùka tó yí ẹnu lẹ́ǹsì ká sí nọ́ńbà 1. Ẹ fa ọwọ́ tí a fi ń wọ́ fíìmù dé òpin, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí a fi ń yàwòrán. Ẹ máa rí i tí aṣọ yóò ṣí, ẹ máa gbọ́ bí eyín inú rẹ̀ ṣe ń yí wíríwírí, lẹ́yìn náà ni yóò pa dé. Bí ó bá kọ̀ láti pa dé, tàbí tí ó ń lọ́ra, òróró inú rẹ̀ ló ti gbẹ nítorí àìlò, kò ju kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì fi òróró tuntun sí i lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sí 1/1000, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun tí oòrùn ń tàn sí, kí ẹ máa wò ó láti ẹ̀yìn bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ojú ihò náà gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ kárí láti òsì dé ọ̀tún. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣókùnkùn, ẹ sọ fún olùtúnṣe pé aṣọ méjèèjì inú shutter, èyí tó ń ṣí i àti èyí tó ń pa á dé, kò rìn ní ìwọ̀n kan náà.

Kí a tó dá bátìrì lẹ́bi fún àwọn fọ́tò tó ṣókùnkùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bọ́tìnì ńlá tó wà lókè kámẹ́rà lápá ọ̀tún. Lára kámẹ́rà mìíràn, ibẹ̀ ni a ti ń yan ìyára shutter. Lára OM-1, nọ́ńbà ASA fíìmù, ìyẹn bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó, ni bọ́tìnì yẹn wà fún, láti 25 dé 1600, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ni ó sì ń ṣì í yí. Bí fíìmù yín bá jẹ́ 200, tí bọ́tìnì náà sì wà lórí 800, gbogbo fọ́tò tí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ wọ̀n yóò pàdánù stop méjì (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí kí ó di ìdajì), ìyẹn ni pé ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ni ó dé ara fíìmù, bí bátìrì ìbá tilẹ̀ dára tó.

Ní ti bátìrì fúnra rẹ̀, mo gbà pé òun náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bátìrì mercury tí wọ́n ń pè ní PX625 ni Olympus ṣe òṣùwọ̀n yìí fún. Agbára rẹ̀ jẹ́ 1.35 V, ohun tó sì dára lára rẹ̀ ni pé iye yẹn kò ń yí padà títí ọjọ́ tí yóò fi tán pátápátá. Májèlé ni mercury, nítorí náà òfin fòpin sí títà wọn, ti Amẹ́ríkà jáde ní 1996, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nínú ọjà, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni ẹni tó ń tún aago ṣe yẹn fi sí i fún yín, jẹ́ alkaline oní 1.5 V. Agbára tó lé yẹn ń ti abẹ́rẹ́ kọjá ibi tó yẹ kó dúró, yóò dà bíi pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, ẹ̀yin náà yóò wá fún ojú lẹ́ǹsì pọ̀, ni fọ́tò yóò bá ṣókùnkùn. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé agbára alkaline ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń lò ó, nítorí náà iye tí ó fi ń ṣì yín lọ́nà lóṣù yìí kọ́ ni yóò fi ṣì yín lọ́nà lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kò sì lè fi bọ́tìnì ASA dọ́gbọ́n sí i.

Ọ̀nà méjì ló ṣeé gbára lé. Bátìrì tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń fi sétí, èyí tó ní nọ́ńbà 675, ní agbára 1.4 V tí kì í yí padà, kò sì wọ́n. Ó kéré díẹ̀ sí àyè rẹ̀, òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò mú un dúró. Afẹ́fẹ́ ni ó ń lò. Bí ẹ bá ti ṣí bébà tó wà lójú rẹ̀, oṣù díẹ̀ péré ni yóò lò, yálà ẹ ya fọ́tò tàbí ẹ kò yà. Ọ̀nà kejì ni irin kékeré tí wọ́n ń pè ní MR-9, tí bátìrì silver oxide onínọ́ńbà 386 ń wọ inú rẹ̀. Irin náà yóò dín 1.55 V kù sí iye tí òṣùwọ̀n ń fẹ́. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó rà á. Fún ẹni tó wà nípò yín, 675 ni mo yàn, títí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ẹ ó máa lo kámẹ́rà yìí déédéé. Ẹ máa rántí pa ìtanná òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí kámẹ́rà lápá òsì, nítorí kì í pa ara rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ kò bá sì mì rárá pẹ̀lú bátìrì tuntun, ẹ wo inú ibi tí bátìrì ń wọ̀: bí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti hù lára irin ibẹ̀, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú fínígà nu ún, bí ìyẹn kò bá tó, wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti jẹ, olùtúnṣe lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú àwọn ènìyàn tó ṣókùnkùn ju ohun tó kù lọ tún ju bátìrì lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí. Òṣùwọ̀n OM-1 kò mọ ohun tí ẹ ń yà. Ó ń kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú àwòrán pọ̀, ó sì gbà pé gbogbo rẹ̀ yẹ kí ó dà bí àwọ̀ eérú, kò funfun, kò dúdú. Bí ẹni tí ẹ ń yà bá jẹ́ adúláwọ̀, tó wọ léèsì funfun, tó dúró níwájú ògiri funfun lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́ rekete, funfun wọ̀nyẹn ni òṣùwọ̀n ń rí, yóò ní kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ènìyàn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Fíìmù aláwọ̀ a máa gba ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ jù mọ́ra, ṣùgbọ́n kì í dárí ji ẹni tó bá fún un ní ìmọ́lẹ̀ tó kéré: ibi tó ṣókùnkùn yóò di ẹrẹ̀, kò sì sí ìfọ̀ tó lè dá ohun tí kò wọlé padà.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sínú irú ìmọ́lẹ̀ kan náà tó wà lójú ẹni tí ẹ ń yà, kí ẹ gbé kámẹ́rà súnmọ́ ọn títí tí òun nìkan yóò fi kún ihò ìwòran, kí ẹ mú abẹ́rẹ́ wá sí àárín, láàárín àmì ìròpọ̀ àti àmì àyọkúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì ní stop kan sí i. Àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ eérú yẹn lọ ní nǹkan bíi stop kan, ti adúláwọ̀ náà kò sì yàtọ̀ púpọ̀, ìdí tí a fi ń ṣí i nìyẹn. Bí kò bá sí bátìrì, pẹ̀lú fíìmù 200, ẹ fi shutter sí 1/250, kí ẹ wá yan nọ́ńbà f lára lẹ́ǹsì (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe tóbi tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń fún tó): nínú oòrùn tó mú ganrín-ganrín, f/16, lásìkò ọyẹ́, nígbà tí òjìji kò ní etí tó mú, f/11, bí ìkùukùu bá bo oòrùn, f/8, lábẹ́ igi tàbí lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, f/5.6 tàbí f/4. Bí ojú adúláwọ̀ bá ni ó jẹ yín lógún jù nínú àwòrán, ẹ fi stop kan kún un.

Jànkáriwọ̀ inú lẹ́ǹsì yẹn jẹ́ fungus, ìbátan ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu. Òkùnkùn, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́ ni ó fẹ́ràn, àpò aláwọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù sì fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi iná fóònù tàn án láti ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ ojú òde ni ó wà, ó ṣeé nù. Bí ó bá wà láàárín àwọn awò inú, wọ́n ní láti tú lẹ́ǹsì náà, bí ó bá sì ti pẹ́, oje rẹ̀ yóò ti jẹ ojú awò, kò sì ní kúrò mọ́. Okùn díẹ̀ kì í hàn nínú fọ́tò, àfi bí ẹ bá kọjú sí oòrùn. Lẹ́ǹsì Olympus tó ń jẹ́ Zuiko 50mm f/1.8, tí wọ́n sábà máa ń tà pọ̀ mọ́ OM-1, pọ̀ nílẹ̀ débi pé ríra òmíràn máa ń dín ìnáwó kù ju títú èyí tó bu lọ. Mo mọ̀ pé lẹ́ǹsì tí bàbá yín fojú wò yàtọ̀ sí lẹ́ǹsì mìíràn. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ kàn má retí pé yóò dà bíi tuntun. Láti òní lọ, ẹ yọ kámẹ́rà kúrò nínú àpò aláwọ yẹn, kí ẹ gbé e sínú ike oúnjẹ tó ní ìdérí tó dé pinpin, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré silica gel tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, kí ẹ sì máa gbé lẹ́ǹsì jáde sínú ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lóòrèkóòrè.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e fún olùtúnṣe, ẹ má sọ fún un pé abẹ́rẹ́ kò mì. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kí ó yọ fóòmù ara pentaprism, kí ó pààrọ̀ ti ẹnu dígí, kí ó sì wo ìyára tó lọ́ra. Bí ó bá bi yín léèrè pé fóòmù wo, ẹ máa wá ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ bá sì ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ọ́ pé ti fíìmù ni ẹ ń wá, nítorí kámẹ́rà oní-digital kan tún jáde ní 2022 tó ń jẹ́ OM-1, bátìrì àti lẹ́ǹsì rẹ̀ kò sì bá tiyín mu.

Ẹ má fi fíìmù àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe ya ayẹyẹ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti fi fíìmù sí i, ẹ wo ọwọ́ ìkápadà tó wà lápá òsì bí ẹ ti ń wọ́ ọ: bí kò bá yí, fíìmù kò mú. Ẹ wá fi ẹnì kan ṣoṣo jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé, kí ẹ yà á ní f/8, f/5.6 àti f/4 láì yí ìyára padà, kí ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí abẹ́rẹ́ ní kí ẹ lò, sínú ìwé bí ẹ ti ń yà á. Nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ fi ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́tò, ojú ẹni yẹn ni yóò sì sọ fún yín iye stop tí òṣùwọ̀n kámẹ́rà bàbá yín fi ń yẹ̀, ìyẹn náà ni ẹ ó máa fi yí bọ́tìnì ASA láti ìgbà náà lọ.